Ebè Tí Ọwọ́ Kọ̀ Láti Bà Jẹ́

Nílé tiwa, ẹni tí kò mọ ebè kọ ni wọ́n ń rán lọ sí ilé ìwé. Mi ò sọ ọ́ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Bàbá wa ní oko iṣu lójú ọ̀nà Alafiarou, ilẹ̀ pupa tó máa ń le bí òkúta lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́ bí òjò bá ti kàn án. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ilé mú ọmọ wá sí ilé ìwé, bàbá wa ò bá wọn jà. Ó kàn ní òun ò lè fi ọmọ tó wúlò ṣòfò. Ó kó èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ sóko, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ọkọ́, ó nawọ́ sí igi òrí kan lókè, ó nawọ́ sí òkìtì ọ̀gán kan nísàlẹ̀, ó ní ká kọ ebè láti ibí dé ọ̀hún.

"Ẹni tí tirẹ̀ bá dáa," ó ní, "oko ni tirẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá dáa, kí àwọn oníwèé máa mú un lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ tirẹ̀ tán kí n tó dé ìdajì. Ebè rẹ̀ tò bí èèyàn tó wà lórí ìrun, èjìká sí èjìká, orí kan ò ga ju ìkejì lọ. Tèmi dà bí ibi tí màlúù sùn sí, tó sì fi ìbínú jí. Bàbá wa rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan ọ̀kan nínú tèmi, ebè náà wó láìjanpata. Ó mi orí. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbọ́n mi léjìká. Bí wọ́n ṣe pín ayé wa nìyẹn, oòrùn ò tíì dé àtàrí.

Mo lọ sí ilé ìwé. Mo mọ̀ ọ́n kà, mo mọ̀ ọ́n kọ, ṣùgbọ́n mi ò dé ibi tó jìn. Olùkọ́ ìṣirò kan dé, ọkùnrin gíga tí kì í rẹ́rìn-ín, tó máa ń pe èèyàn sí iwájú pátákó. Bó bá ti pè mí, inú mi á ti dáhùn kí ẹnu mi tó dáhùn. Lọ́jọ́ kan mo bọ́ sẹ́yìn ilé ìwé bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀, mi ò sì padà mọ́. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló dé tí mi ò parí ilé ìwé, mo máa ń sọ fún un pé mo ṣì ń tọ̀ lọ́wọ́.

Zẹ́mì ni mò ń gùn báyìí ní Tchaourou, alùpùpù tí a fi ń gbé èrò. Ẹ̀gbẹ́ gáà ni mo máa ń dúró sí, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti máa ń tú èrò sílẹ̀ nígbà kan rí. Mo ń bẹ̀rù eré. Bí ọkọ̀ àjàgbé bá fun fèrè lẹ́yìn mi, inú igbó ni mo máa ń bá ara mi. Àwọn èrò ti mọ̀ mí, Tonton ni wọ́n ń pè mí, bí ẹni ń pe àbúrò bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá ní àkókò lọ́wọ́ ló ń bá mi lọ, ẹni tó bá ń kánjú á ní, "Tonton, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kúkú fẹsẹ̀ rìn."

Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀, Akọ̀wé ló ń pè mí. Ó ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti gbé báàgì kọ́ mi léjìká. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ó pẹ́ gan-an kí n tó gbọ́ ohun mìíràn nínú rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, mo dúró de èrò, mo sì ń gbọ́ rédíò tí obìnrin tó ń ta epo inú ìgò ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀gá kan ń sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ ní Faransé, wọ́n sì tú u sí Nàgó: ó ní ní ìlú tiwa báyìí, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ jù ni yóò máa gòkè, kì í ṣe ọmọ ẹni tí a mọ̀. Olóròńbó kan tó ń bó ọsàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà fẹ́ pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n mo rántí ebè.

Nítorí pé láyé bàbá wa, ẹni tó mọ iṣẹ́ jù ló ń gòkè lóòótọ́. Bí a bá pe ọ̀wẹ̀, tí gbogbo ọkùnrin abúlé péjọ sóko ẹnìkan láti bá a ṣiṣẹ́, ẹni tí ebè rẹ̀ dáa jù ló ń ṣíwájú, òun ló ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ. Bàbá tó ní ọmọbìnrin, oko ọkùnrin ló máa ń wò kó tó wo ojú rẹ̀. Kò sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ebè wà nílẹ̀ gbalaja. Ẹni tó ń kọjá lọ sí Goro lórí kẹ̀kẹ́ lè rí i pé ìwọ lo mọ̀ ọ́n, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ilé ìwé wá dé, kí ni àwọn àgbà wa ṣe? Wọ́n mú ọmọ tó mọ iṣẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, wọ́n sì fi èyí tó kù ránṣẹ́. Àwọn tó kù yìí ló kàwé. Àwọn ló wá ń tẹ òǹtẹ̀ lu ìwé, tí wọ́n ń jókòó sẹ́yìn tábìlì, tí ẹ̀gbọ́n mi ń bọ́ fìlà kó tó wọlé lọ bá wọn. Bí mo bá rí ọ̀gá kan nínú mọ́tò ńlá, tó gbé gíláàsì sókè kí eruku wa má bàa kàn án, mo máa ń bi ara mi pé: baba baba ti ọkùnrin yìí, báwo ni ebè rẹ̀ ṣe bàjẹ́ tó?

Ẹ̀rín ni mo fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bí ọkùnrin. Ọmọbìnrin méjì ni Ọlọ́run fún un. Àwọn tí à bá fi ṣe lébìrà sì ti kó lọ sí Nàìjíríà, nítorí náà ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ní ebè. Nígbà tí àwọn ará Goro kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin nídìí ebè, wọ́n dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n dúró, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ebè èyí ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń wò. Ọmọ yẹn gbé ọwọ́ bàbá rẹ̀ wá sáyé bó ṣe rí gan-an.

Orí tó fi ń kàwé sì tún nìyẹn. Lọ́dún tí ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ dùn ún, tí kò lè tẹ̀ ba mọ́, òun ló fi ilé ìwé sílẹ̀ láti wa iṣu kó má bàa jẹrà sílẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ bá a nínú kíláàsì. Àwọn méjèèjì jọ ṣe ìdánwò àṣejáde kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀gbọ́n ló ṣíwájú gbogbo ilé ìwé wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí tó fi fi ìbòrí bojú. Àbúrò yege náà, bí ẹni tó fo odò tí gìgísẹ̀ rẹ̀ sì kan omi.

Tata wọn kan wà ní Parakou, àbúrò ìyá wọn. Ó ní òun á gba ọ̀kan sọ́dọ̀, kó lè máa lọ sí ilé ìwé ńlá tó wà níbẹ̀. Ọ̀kan péré, nítorí pé yàrá òun ò gbà ju ẹní kan lọ mọ́. Nílé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró di oko mú. Gbogbo wa ti mọ ẹni tó yẹ kó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ní, "A ó ṣe é bí Bàbá ṣe ṣe é."

Ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ó ń yan gàrí lẹ́yìn ilé, èéfín bò ó lójú, mi ò sì mọ̀ bóyá èéfín ló ń pa á lẹ́kún.

"Ọkọ mi," ó ní, torí bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni ń pe èèyàn, "ẹ bá mi bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀. Ọmọ yẹn ló ṣíwájú gbogbo wọn. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ebè wò lára rẹ̀?"

"Màá bá wọn sọ ọ́."

"Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ lánàá."

"Lánàá, alùpùpù mi ò ní epo."

"Ọkọ mi, níbi tẹ́ ẹ dúró sí yìí, bí ẹ bá wúkọ́, wọ́n á gbọ́ ọ nídìí máńgòrò."

Mo lọ sídìí máńgòrò. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí àga, wọ́n ti fi aṣọ gbígbóná dì í lẹ́yìn. Mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó o."

"Akọ̀wé. Kí ló dé?"

"Kò sí o. Òjò ti dínkù."

"Mo rí i."

"Ó dínkù gan-an ni."

"Akọ̀wé, ṣé òjò lo wá bá mi sọ?"

"Òjò. Àti ara yín náà."

Ó wò mí. Láti kékeré ni mo ti ń bẹ̀rù ojú yẹn, kì í ṣe pé ó le, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró dè ọ́. Ó ní, "Mo mọ ẹni tó rán ẹ. Gbọ́ mi. Ẹ̀yìn mi ti kú. Bí mo bá tẹ̀ ba, àfi kí ẹnìkan gbé mi dìde. Bí mo bá rán ẹni tó mọ iṣẹ́ lọ, tí mo fi ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sílẹ̀, kí la ó jẹ? Èwo nínú ìwé rẹ̀ la ó sè?"

Mo ní ìdáhùn. Mo fi Ọlọ́run búra, mo ní ìdáhùn tó dáa. Ó há sí mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mo ní, "Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ìdí pọ́ǹpù ni èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ náà ti bá mi lọ́jọ́ kejì, bàsíà omi lórí rẹ̀.

"Tonton, Mámà ní ẹ ti lọ bá Bàbá."

"Mo lọ."

"Kí lẹ bá wọn sọ?"

"A sọ̀rọ̀ òjò."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wò mí, omi ń kán sí i léjìká. Ìgbà náà ni mo ní, "Ọmọ mi, ọ̀nà kan ṣì wà. Kọ ebè tí kò dáa."

Ó ronú sí i. Ó wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí rí láyé. Ó ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?"

Mo mú un lọ sẹ́yìn ilé mi, níbi tí mo ní ilẹ̀ kékeré kan tí ewúrẹ́ nìkan ń jẹ lórí rẹ̀. Mo bọ́ ẹ̀wù. Àgbà iṣẹ́ ni mo jẹ́ nínú ọ̀ràn yìí. Mo ní, "Má ṣe gbẹ́ ìdí rẹ̀. Erùpẹ̀ òkè nìkan ni kó o máa há jọ, èyí tó gbẹ. Jẹ́ kí koríko wà nínú rẹ̀. Má fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a lára. Kó o sì máa wo ẹyẹ."

"Ẹyẹ kẹ̀?"

"Èmi máa ń wo ẹyẹ."

Ìyẹn pa á lẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn bí ẹni tó ti yanjú ọ̀rọ̀. Ó gbé ọkọ́. Èyí tó kọ́kọ́ kọ dúró bí ìlẹ̀kẹ̀.

"Èyí ti dáa jù," mo ní.

"Ṣebí mo bà á jẹ́, Tonton."

"Níbo?"

Ó tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ kan tó tẹ́ díẹ̀. Mo ní, "Èyí tó o ń pè ní bàjẹ́ yìí, ká ní bẹ́ẹ̀ ni tèmi rí, mi ò bá tí fojú kan pátákó láyé mi." Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe títí ọ̀kan fi bàjẹ́ dáadáa, tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ọ̀mùtí. Ó dúró ń wò ó, ojú rẹ̀ bàjẹ́ ju ebè náà lọ.

"Ó ń rí mi lára," ó ní.

"Á mọ́ ẹ lára," mo ní. "Ó ti mọ́ èmi lára."

Àárọ̀ Sátidé la lọ. Èmi ni mo gbé ẹ̀gbọ́n mi, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ò gba zẹ́mì mìíràn àfi tèmi tí kì í sáré. Igi òrí wà níbẹ̀ síbẹ̀. Òkìtì ọ̀gán náà wà níbẹ̀, ó ti tún tóbi sí i. Ìyàwó rẹ̀ dúró sábẹ́ igi, ó ká ọwọ́ mọ́ra. Àwọn ọmọ méjèèjì gbé ọkọ́.

Àbúrò ti bá mi sọ̀rọ̀ tirẹ̀ nílé ká tó gbéra. Ó ní, "Tonton, èmi ò lọ sí Parakou kankan o. Ẹ̀gbọ́n mi ni kó lọ. Ebè tí màá kọ lónìí, Bàbá á gbàgbé orúkọ ara wọn." Ọmọ yẹn ò mọ ohun tí mo ti kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ẹni kan fẹ́ bà á jẹ́, ẹni kejì fẹ́ tún un ṣe, èmi nìkan ni mo mọ méjèèjì, ọkàn mi sì ń lù bí ìgbà tí ọkọ̀ àjàgbé bá wà lẹ́yìn mi.

Àbúrò dá bísímílà, ó sì kọ lu ilẹ̀. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí n purọ́, ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń gbá a, ó ń ki erùpẹ̀ mọ́ ọn, òógùn bò ó. Bó bá fi máa dé ìkẹta, ìkíní á ti jókòó sílẹ̀. Á sáré padà, á tún un gbé ró, ìkejì á sì là.

Èyí ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìkíní bàjẹ́. Ìkejì bàjẹ́, ó bàjẹ́ gidi, koríko ń yọ orí láti inú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Mo ronú pé bóyá èmi náà ì bá ti di olùkọ́. Ṣùgbọ́n oòrùn yọ sí i, ilẹ̀ rọ̀ dáadáa lábẹ́ ọkọ́, mo sì rí i tí èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí èjìká bàbá rẹ̀ ṣe máa ń yí. Mo wúkọ́. Mo tún wúkọ́. Kò gbọ́. Ọkàn rẹ̀ ti wọnú iṣẹ́, ọwọ́ sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkẹta dúró. Ìyókù tò tẹ̀ lé e, èjìká sí èjìká, títí dé ìdí òkìtì ọ̀gán.

Ibẹ̀ ló ti wẹ̀yìn.

Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó rí ohun tó ṣe. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó gbé ọkọ́ sókè lórí èyí tó sún mọ́ ọn jù, ó fẹ́ sọ ọ́ lulẹ̀, gbogbo wa ń wò ó. Ọkọ́ dúró lókè. Ó dúró lókè títí. Ó wá rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀pá rìn lọ láàárín poro. Ó dúró níwájú ebè méjì àkọ́kọ́ yẹn, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Mo ń wo ẹyẹ. Ó rìn dé òpin, ó padà wá.

"Ẹ̀gbọ́n ló ń dúró," ó ní. "Àbúrò ló ń lọ."

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èyí àbúrò bú sẹ́kún, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú: "Bàbá, ẹ jẹ́ n tún tèmi ṣe! Ẹ jẹ́ n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i!" Èyí ẹ̀gbọ́n gbé ọkọ́ rẹ̀, ó padà lọ sídìí igi òrí, ó sì tún ebè méjì tó bà jẹ́ yẹn ṣe.

Nígbà tí mo ń gbé ẹ̀gbọ́n mi padà, ó di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà mo rọra rìn ju bí mo ṣe máa ń rìn lọ, adìyẹ ń kọjá wa.

"Méjì àkọ́kọ́ yẹn," ó ní, "ìwọ lo kọ́ ọ."

Mo tẹjú mọ́ ọ̀nà.

"Kò sí ibi tí mo ti máa rí ebè ẹ tí mi ò ní mọ̀ ọ́n, Akọ̀wé."

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò bínú." A gun òkè kékeré kan, a sọ̀ kalẹ̀. "Ṣé o rò pé mi ò fẹ́ lọ nígbà tiwa? Mo fẹ́ lọ. Gbogbo òwúrọ̀ tí ọmọ ilé kejì bá ń kọ orin ilé ìwé wọn, ẹ̀yìn ògiri ni mo máa ń wà. Lọ́jọ́ tí Bàbá kó wa lọ sóko, mo ti pinnu pé mo máa bà á jẹ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, mo bà á jẹ́. Ìwọ ò rí i, ẹyẹ lò ń wò. Mo wò ó báyìí, ojú tì mí. Mo ní kí n tún ẹyọ kan yìí ṣe, kí n máa wá ba ìyókù jẹ́. Ọwọ́ kọ̀."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba inú kòtò lọ. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti gbà pé ó yege, pé èmi ni mo fìdí rẹmi. Ọ̀rọ̀ tó há sí mi lọ́fun nídìí máńgòrò wá jáde fúnra rẹ̀, bóyá nítorí pé mi ò rí ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ ẹ bá mọ bó ṣe ń dunni, kí ló dé tẹ́ ẹ ò jẹ́ kó lọ?"

A gun orí títì ọ̀dà. Mo rò pé kò gbọ́ ni.

"Bí ó bá lọ," ó ní, "kí la ó wá máa pe dídúró tèmi?"

Èmi ni mo gbé àbúrò lọ sí ibùdókọ̀ nígbà tí ilé ìwé wọlé. Ẹkún ló fi gbogbo ọ̀nà sun sí mi lẹ́yìn, àpamọ́wọ́ rẹ̀ wà láàárín wa. Ó gbìyànjú ní Parakou. Ó tún kíláàsì kan kà, ó sì fi í sílẹ̀. Aṣọ ló ń rán níbẹ̀ báyìí, ó sì mọ̀ ọ́n. Bó bá pè mí lórí fóònù, á ní, "Tonton, ìwé ò gbà fún mi o, bí ebè náà ò ṣe gbà." Á rẹ́rìn-ín, á wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?" Ẹ̀rín náà á sì tán.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lóko. Àwọn ará Goro tó fi í rẹ́rìn-ín ti ń pè é sí ọ̀wẹ̀, òun ló ń ṣíwájú àwọn ọkùnrin. Òkúta ìpọ́nkọ́ àti ìgò omi ló ń kó sínú báàgì ilé ìwé rẹ̀. Obìnrin lásán tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ní báńkì kan ní ìlú ń pè é ní "ìwọ, wá síbí", ó sì ń dáhùn.

Lọ́dún yìí ni tarakítà dé, ẹ̀rọ ńlá tí ń túlẹ̀. Aládùúgbò wa tó ní oko kàjú ló háyà rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kó kọjá sí tiwa náà, torí oko ti tóbi ju ọwọ́ kan lọ. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ò ríran dáadáa mọ́. Mo gbé e lọ, a jókòó sábẹ́ igi òrí. Mo fi igi náà sáàárín èmi àti ẹ̀rọ yẹn, tí ó bá lọ gbàgbé ọ̀nà.

Ọmọbìnrin ló wà á. Kò ju ọmọ wa tó di oko mú yìí lọ, fìlà wà lórí rẹ̀, fóònù ń kọrin lápò rẹ̀. Ilẹ̀ tó ń gba ọmọ wa ní ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, ó ti kọ ọ́ tán kí a tó kírun ọ̀sán. Kì í ṣe ebè, poro gígùn ni, ṣùgbọ́n wọ́n ní iṣu á ta nínú rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ọmọ wa gbé omi fún un.

"Níbo ni wọ́n ti kọ́ ẹ?" ọmọ wa ní.

"Ilé ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀."

"Kí ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó gbani?"

"Ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni. Àti ìdánwò kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń mú."

"Ṣé ìdánwò náà le?"

Ọmọ onítarakítà náà mumi, ó nu ẹnu. Kò mọ ohun tó ń sọ. "Rárá o," ó ní. "Kò le rárá."

Ọmọ wa gba ife lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo jókòó níbẹ̀, mò ń ronú ọ̀rọ̀ rédíò. Mo gbà pé ọkùnrin yẹn ò purọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ jù á máa gòkè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń bi èèyàn máa ń yí padà, wọn kì í sì í ránṣẹ́ sóko ṣáájú kí wọ́n tó yí i. Lọ́la, ẹ̀rọ kan á máa wa ara rẹ̀, ọmọ onífìlà yẹn náà á sì wà lójú ọ̀nà, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo bojú wò ó, mo rí i pé kò nílò rẹ̀.

Igun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi òrí tí tarakítà ò lè yí sí. Nígbà tí ẹ̀rọ náà ti lọ tán, tí ariwo rẹ̀ ti jìnnà sọ́nà Tchaourou, ọmọ wa gbé ọkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè sí igun yẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní kó kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ dídún ọkọ́. Ó yí orí síbẹ̀, ó fún ojú pọ̀, kò rí nǹkan kan.

"Akọ̀wé," ó ní, "bá mi wò ó. Ṣé ó dáa?"

Mo wò ó. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi tako ọkùnrin yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ni ì bá tó lọ́jọ́ náà: kí n ní ó ti wó, kí n ní koríko ń yọ nínú rẹ̀, kí n ní ebè tèmi gan-an sàn jù ú lọ. Ó ń dúró dè mí pẹ̀lú ojú tí kò ríran yẹn.

"Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Ó dáa jù."

Ọmọ náà ò gbé orí sókè.

"Mo mọ̀, Tonton," ó ní, ó sì fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a lára.